Ojú Alága Lórí Gíláàsì Oòrùn

"Ojú mi dà?"

"Ojú yín nìyẹn, Alága. Lókè yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù."

"Èyí tó kéré bíi sítáǹpù yẹn?"

"Ó hàn kedere, sà."

"Ta ló hàn sí? Ẹyẹ?"

"Mo rí i láti géètì, sà. Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ kí i."

"Akọ̀wé, ìwọ mọ̀ mí tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ mí ńkọ́? Ẹni tó wà nínú mọ́tò, tí mọ́tò ń sáré lọ?"

"Kò ní rí i, sà. Ẹ jàre."

"Wọ́n ní láti fẹ̀ ẹ́."

"Báwo ni kó ṣe fẹ̀ tó, sà?"

"Ibo ni gíláàsì yẹn parí sí?"

"Láti ibí dé etí kejì lọ́hùn-ún, sà."

"Ibẹ̀ náà ni kí ojú mi parí sí."

Báyìí ni Olóyè Dókítà Babáṣọlá Olúbọ̀wálé, Alága ẹgbẹ́ onílé Èsìtéètì Ìrọ̀rùn ní Ìsọlọ̀, ṣe pàṣẹ pé kí wọ́n fi ojú òun bo ẹ̀rọ tó yẹ kí oòrùn máa fi se omi. Mo tètè sọ ọ́ fún yín kí ẹ má baà dá oòrùn lẹ́bi tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Lásìkò ọyẹ́, gbogbo èsìtéètì ló máa ń fẹ́ omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀. Ẹni tó ní hítà á tan hítà, ẹni tó ní kẹ́tù á tan kẹ́tù, ẹni tí kò ní méjèèjì á ti irin iná bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á sì máa kígbe mọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má sún mọ́ ọn. Iná tó wà nínú mítà á máa sá lọ bí omi inú agbọ̀n. Nígbà tí tiransífọ́mà wọn fi bú gbàù, tí gbogbo ilé fi ẹran inú fíríìjì tọrẹ fún ajá, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé kí wọ́n jáwọ́ nínú fífi iná se omi ìwẹ̀. Ẹ̀rọ oòrùn ni kí wọ́n rà.

Ẹ̀rọ náà kò le. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, páìpù dúdú wà nínú rẹ̀, gíláàsì sì bò ó lójú. Wọ́n á gbé e sórí òrùlé, oòrùn á gba gíláàsì wọlé, á ran páìpù, omi á gbóná, á sì gòkè lọ sínú táńkì. Kò gba iná, kò gba gáàsì, kò gba ariwo. Ilé kan ní Ire-Akari ti ń lò ó, onílé ibẹ̀ sì máa ń bu omi tútù mọ́ tirẹ̀ kó tó lè wẹ̀. Owó gbogbo èsìtéètì ni wọ́n fi ra tiwọn, ilé kan ẹ̀rọ kan. Ohun tó kù ni kí wọ́n gbé e sókè kí wọ́n sì fi oòrùn sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ń gbé ìlú yìí. Ẹ ti rí tiransífọ́mà tó ní ojú. Ẹ ti rí àpò ìrẹsì tó ní ojú, ìwé ọmọléèwé tó ní ojú, ẹ̀rọ omi tó ní ojú lára táńkì rẹ̀. Èmi ti rí kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n ya ojú olóyè kan sí gan-an níbi tí ẹni tó máa lò ó yóò fi ìdí lé. Kò sí ohun tí aláṣẹ ń fún ará ìlú láìjẹ́ pé ó fi ojú sí i, ìbáà jẹ́ owó ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n fi rà á. Olúbọ̀wálé kò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ba àṣà jẹ́.

Abdulmajeed, ẹnjiníà tó ń gbé ẹ̀rọ náà sókè, sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà.

"Alága, ẹ má bínú sà. Gíláàsì yìí ni oòrùn ń gbà wọlé."

"Mo mọ̀."

"Tí a bá lẹ sítíkà bò ó, kò ní ríbi gbà."

"Ojú mi lò ń pè ní sítíkà?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ojú mi dúdú àbí kò dúdú?"

Abdulmajeed wo ojú náà. Ìbéèrè burúkú ni. "Ó... ó dúdú díẹ̀, sà."

"Ohun dúdú sì ni oòrùn máa ń mú. Wọn ò kọ́ ọ níléèwé? Èmi ò wá dí oòrùn lọ́wọ́. Mo wá ràn án lọ́wọ́ ni."

"Sáyẹ́ǹsì nìyẹn," ni Akọ̀wé wí, ó sì pàtẹ́wọ́. Zakariyah Oyèlékè lorúkọ Akọ̀wé. Ọwọ́ rẹ̀ kì í jìnnà síra wọn, nítorí kò mọ ìgbà tí Alága yóò sọ ohun tó yẹ fún àtẹ́wọ́.

Abdulmajeed kì í ṣe akọni, ẹ má retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ mìíràn ní Òṣòdì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó gun àkàbà rẹ̀ padà, ó sì fi ojú Alága bo gíláàsì láti etí dé etí. Ilé kejì, bẹ́ẹ̀. Ilé kẹta, bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò sí òrùlé kan ní Èsìtéètì Ìrọ̀rùn tí Alága kò ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí sánmà pẹ̀lú fìlà abetí ajá. Àwọn tó ń bá bàálù sọ̀kalẹ̀ sí Ìkẹjà rò pé ọkùnrin kan ti kú níbẹ̀, tí àwọn èèyàn rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

*

Ìpàdé Èsìtéètì Ìrọ̀rùn ní bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Akọ̀wé á kọ́kọ́ dìde, á sì máa ka oyè Alága láìmí. Ẹni tó bá jókòó nígbà tí oyè ń lọ, wọ́n á ní kó jáde kó tún wọlé.

"Olóyè. Dókítà. Alàgbà. Atúnlùúṣe. Olùdarí Ìrọ̀rùn. Ọ̀rẹ́ Oòrùn, Àna Ìmọ́lẹ̀..."

"Àna Ìmọ́lẹ̀ yẹn, tuntun ni?" ni Alága bi í jẹ́ẹ́.

"Òwúrọ̀ yìí ló wá sí mi lọ́kàn, sà."

"Fi í síbẹ̀."

Alága dìde. Ó tún agbádá ṣe, apá ọ̀tún, apá òsì, apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ẹ̀yin ará Ìrọ̀rùn, láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé ni oòrùn ti ń ràn lásán. Ẹ rò ó wò. Kò ní alága. Kò ní akọ̀wé. Kò sí ìpàdé tó ń wá. Ó ń yọ nígbà tó wù ú, ó ń wọ̀ nígbà tó wù ú, kò jíyìn fún ẹnikẹ́ni. Lónìí, èmi Olúbọ̀wálé, mo ti fún oòrùn níṣẹ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé nu ojú rẹ̀ bí ẹni tí omijé ń bọ̀.

"Nítorí náà, láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ se omi ìwẹ̀ mọ́ ní èsìtéètì yìí. Mo ní ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi iná sè é, ẹ má fi gáàsì sè é, ẹ má fi èédú sè é. Bí ẹ bá sè é, ẹ tàbùkù oòrùn. Bí ẹ bá tàbùkù oòrùn, ta ni ẹ tàbùkù?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni Akọ̀wé wí.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ṣọ́ gbé bárò wọ àdúgbò lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń kó kẹ́tù, wọ́n ń kó hítà, wọ́n ń kó irin iná. Ìgbà tí wọ́n dé ilé tó kángun sí ti Alága ni obìnrin kan gbá kẹ́tù rẹ̀ mọ́ra, ó sì bá bárò wọn padà wá sí ìpàdé. Roqeebah ni. Oyún inú rẹ̀ ti ga débi pé ó gbé kẹ́tù náà lé e lórí bí ẹni gbé e lé tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Alága, ẹ jẹ́ kí n mú tèmi dání. N kò ní pẹ́ẹ́ bímọ, màmá mi ló sì ń bọ̀ wá wẹ ọmọ. Màmá mi kì í fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ ọmọ. Omi gbígbóná gidi ni."

"Ta ni màmá yín?"

"Àlàájà Sẹ̀kínátù, sà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n wà."

"Ẹ sọ fún Àlàájà pé irú omi tí wọ́n máa bá níbí, kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Ìsẹ́yìn."

Òótọ́ ni Alága sọ lórí ìyẹn.

Àmọ́ bí ó ṣe ń wo ikùn Roqeebah ni èrò kan bọ́ sí i lọ́kàn. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń pe ara rẹ̀ ní Ẹgbẹ́ Àwọn Èsìtéètì Àwòkọ́ṣe. Wọ́n fẹ́ yan ẹnì kan tí yóò jẹ́ olórí fún gbogbo alága èsìtéètì láti Òṣòdì títí dé Àgọ́ Palace. Láti ìgbà tí Olúbọ̀wálé ti gbọ́ ni oorun rẹ̀ kò ti dọ́gba mọ́.

"Akọ̀wé," ni ó wí, "ọmọ yìí kò ní wẹ omi kankan àfi omi oòrùn. Ìṣojú Ẹgbẹ́ Àwòkọ́ṣe ló sì ti máa wẹ̀ ẹ́. Kò sí alága tó ní ọmọ tuntun nínú ètò rẹ̀."

"Ọmọ alábùkún," ni Akọ̀wé wí sí ikùn náà.

Wọ́n gba kẹ́tù lọ́wọ́ Roqeebah. Mísbáù, ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń wa tírélà ní Industrial Estate, fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ ka oyè Alága ná. Ibi tó dé Atúnlùúṣe ni ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti bọ́ lọ lọ́kàn rẹ̀.

*

Wọ́n wá ṣí ẹ̀rọ náà. Wọ́n na ríbọ́ńnì sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ Alága, ó gé e, ó wọlé pẹ̀lú tówẹ̀lì lọ́rùn. Gbogbo èsìtéètì dúró síta nínú ọyẹ́, wọ́n ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà.

Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn kan. N kò lè kọ ohùn náà sílẹ̀ fún yín. Bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn pa nírù bá mọ èdè Látìn, ohùn tó máa lò nìyẹn.

"Ṣé kò sí o, Alága?" ni Akọ̀wé bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Mo ń... mo ń kọrin ni."

Ó jáde. Ètè rẹ̀ ti di búlúù, eyín rẹ̀ ń lura wọn.

"Ó gb... ó gbóná."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ń gbọ̀n, sà?"

"Oor... ooru náà ló pọ̀ jù."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó kan Akọ̀wé láti wọlé. Ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn lè fi sín lẹ́ẹ̀kan ló lò níbẹ̀ tó fi jáde, irun ara rẹ̀ dúró ṣánṣán.

"Ẹ̀yin ará, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run ni mi ò fi bó."

Gbogbo ìgbìmọ̀ ló wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde ni ooru náà ń pọ̀ sí i. Akápò ní òun rí eéfín. Ẹni tó jáde kẹ́yìn ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn àgbà ṣọ́ra, pé irú omi bẹ́ẹ̀ lè se èèyàn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn lọ dúró sínú oòrùn, wọ́n tò sára ògiri bí aṣọ tí wọ́n sá.

Láti ọjọ́ náà ni ayé ti di ayé kọ̀rọ̀ ní Èsìtéètì Ìrọ̀rùn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ wí pé omi tutù, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fi wẹ̀. Wọ́n ń se omi nínú ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n á fi àlùbọ́sà díẹ̀ sí i lójú kí ẹ̀ṣọ́ tó bá gbóòórùn rò pé oúnjẹ ni. Ọkùnrin kan fi irú omi ìkòkò ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ wẹ̀ lọ sí bánkì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Àgọ́ Palace, ọ̀gá rẹ̀ sì bi í bóyá ó ń ta ẹja gbígbẹ. Nínú ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí, àwọn bàbá ń fi omi tútù ṣe àlùwàlá, wọ́n ń gba irú àdúrà kan fún Alága tí n kò ní tú palẹ̀.

Ẹ sì fẹ́ mọ ohun tí Alága fúnra rẹ̀ fi ń wẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè.

"Kúnbi, omi mi dà?"

"Ó wà lórí gáàsì, Dádì Diamond. Kò tíì hó."

"Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

"Ojú yín wà lókè ilé yìí, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ẹ ní kó sọ̀kalẹ̀ wá sè é fún yín."

"Ṣé o ò mọ̀ pé iṣẹ́ ìlú ni mò ń ṣe ni?"

"Mo mọ̀. Èmi ni mò ń se omi iṣẹ́ ìlú."

Kúnbi ni ìyàwó Alága. Mọ́mì Diamond ni àdúgbò ń pè é, nítorí Diamond ọmọ wọn tó wà ní Kánádà. Ó ti bá ọkùnrin yìí gbé láti ìgbà tí kò tíì ní oyè kankan, ó sì máa ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìgbà náà ni àwọn ń sùn dáadáa.

*

Roqeebah bí ọmọbìnrin kan, ó wúwo, ó ní irun, ó sì ní ohùn. Àlàájà Sẹ̀kínátù ti Ìsẹ́yìn dé pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, òrí, kànrìnkàn tuntun, àti báfù ńlá tirẹ̀, nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé báfù ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tó dé, wọ́n ní kó rọra dúró. Wọ́n ní omi ìwẹ̀ ní ayẹyẹ tirẹ̀, pé Ẹgbẹ́ Àwòkọ́ṣe ń bọ̀ ní ọ̀la.

"Mísbáù," ni ó bi àna rẹ̀, "ṣé ọmọ yín ni àbí ọmọ ẹgbẹ́?"

"Ọmọ wa ni, Mọ́mì."

"Ká se omi nígbà náà."

"Wọn ò ní gbà, Mọ́mì. A lè se díẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ká fi àlùbọ́sà..."

"Mi ò jí ọmọ gbé. Mi ò ní wẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Èmi àti ẹni tó ni omi yẹn á jọ rí ara wa ní ọ̀la."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ta ìbòrí sí iwájú ilé Mísbáù. Aṣojú Ẹgbẹ́ Àwòkọ́ṣe dé, Ìyáàfin Tiwaladé Ṣíjúadé, obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ tó sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Alága sọ̀rọ̀ títí. Ó ní ọmọ yìí ni ẹ̀dá àkọ́kọ́ tí oòrùn yóò wẹ̀ láìsí alágbàtà. Roqeebah jókòó sórí àpótí, ara rẹ̀ kò tíì le, ó sì ń wo ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀ nínú ọyẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àlàájà ju ìborùn rẹ̀ bo ọmọ náà, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó sì ki ìgúnpá bọ inú báfù.

"Ta ló pọn omi yìí?"

"Ẹ̀rọ ni, Màmá," ni Akọ̀wé dáhùn. "Tààrà láti orí òrùlé."

"Kí ló dé tí ẹ̀rọ ò sè é?"

"Ó ti sè é, Màmá."

Àlàájà tún ki ìgúnpá bọ̀ ọ́. "Omi yìí tutù."

"Irú ooru tiwa yàtọ̀ ni, Màmá. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ara mọ̀."

"Kí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n?"

"Ọkàn."

"Ọmọ mi ò bí ọkàn. Èèyàn ló bí."

Alága rí i pé Ìyáàfin Ṣíjúadé ń wò. Ó sún mọ́ wọn, ó rín irú ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ lórí òrùlé. "Àlàájà wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Omi yìí kan náà ni mo fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Kúnbi húkọ́ láti ẹ̀yìn.

"Ó gbóná?" ni Àlàájà bi í.

"Díẹ̀ ló kù kó bó mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá jókòó."

"Níbo?"

"Nínú báfù. Ara ọmọ mi ò tíì le, ara tiyín le. Ẹ jẹ́ kí n fi bí a ṣe ń tọ́jú ìyá ọmọ han àwọn àlejò lára yín. Bí omi bá ti rí lára yín náà ló máa rí lára Roqeebah."

"Ìyẹn á dára fún fọ́tò," ni Ìyáàfin Ṣíjúadé wí.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí ló mú un. Ká ní kò sọ ọ́, bóyá Olúbọ̀wálé ìbá sọ pé inú ń run òun. Ó bọ́ agbádá, Akọ̀wé gbà á bí ẹni gba ọmọ. Ó fi fìlà sílẹ̀ lórí. Ó jókòó sínú báfù Ìsẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ sì ga dé àgbọ̀n.

Àlàájà bu omi lé e lẹ́yìn.

"Ó gbóná, àbí?"

"Ó gb... gbóná."

"Ó jọ pé kò tíì dé egungun." Ó bu òmíràn.

"Ó ti dé. Àlàájà, ó ti dé ibẹ̀."

"Abiyamọ kì í mọ ìgbà tó tó. Àwa la máa ń mọ̀ ọ́n." Ó rẹ tówẹ̀lì sínú omi, ó fún un díẹ̀, ó sì fi tẹ Alága níkùn bí wọ́n ṣe ń tẹ ikùn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kó lè padà sípò. Alága na ẹsẹ̀ méjèèjì. Omi ta sí Akọ̀wé lára, òun náà sì ké.

"Akọ̀wé, ó bó ẹ̀yin náà?" ni Àlàájà bi í.

"Ó... bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Olóyè, ẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣé ó gbóná jù ni?"

Ẹ dákun, ẹ bá mi wo ibi tí ọkùnrin yìí bá ara rẹ̀. Bó bá sọ pé omi tutù, oyè olórí gbogbo alága ti bọ́. Bó bá sọ pé omi dára, obìnrin yìí á tún bu òmíràn. Ó yan ọ̀nà kẹta, ó sì rò pé ọgbọ́n ni.

"Ó gbóná jù, Àlàájà. Ó ń bó mi. Ó tó gẹ́ẹ́."

"Háà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ rí i, ẹ ò bá ti sọ. Mísbáù, lọ bá wa mú omi tútù wá, ká bu díẹ̀ mọ́ ọn."

"Láti ibo, Mọ́mì?"

"Fíríìjì."

Mísbáù kò rìn rí bó ṣe rìn lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n tó mí, ó ti dé pẹ̀lú ìgò ńlá kan, yìnyín ń ró nínú rẹ̀. Àlàájà ṣí ìdérí. Ó gbé ìgò náà sókè orí Alága, ó sì rọra ń tẹ̀ ẹ́.

Alága wo ìgò. Ó wo Ìyáàfin Ṣíjúadé. Ó tún wo ìgò.

"Omi yìí tutù."

"Ẹ ní kí ni, Olóyè?"

"Mo ní ó tutù. Ó tutù láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Kò gbóná rí. Àlàájà, ẹ fi Ọlọ́run bò mí láṣìírí, ẹ jẹ́ kí wọ́n se omi."

Akápò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun fẹ́ dá eéfín tí òun rí níjọ́sí padà. Ẹlòmíràn ní ìkòkò ọbẹ̀ òun wà lórí gáàsì báyìí, kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Akọ̀wé fi agbádá Alága lé orí àga, ó rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èmi ti ń gbọ̀n níṣojú gbogbo yín láti ọjọ́ yìí," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ ò bi mí ohun tó ṣe mí."

Ìyáàfin Ṣíjúadé gbójú sókè sí òrùlé. "Kí ló bo gíláàsì yẹn?"

"Ojú Alága ni," ni Mísbáù wí.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Imú ló gba àárín."

"Ta ló ní kí wọ́n fi síbẹ̀?"

Gbogbo èèyàn wo inú báfù. Ẹni tó wà nínú báfù wo orúnkún rẹ̀.

"Ẹ̀rọ yín dára," ni Ìyáàfin Ṣíjúadé wí, ó sì ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ nínú báàgì. "Èsìtéètì mìíràn ti lò ó, kò sì ní àbùkù. Ohun tó wà lórí tiyín ni n kò lè júwe fún ẹgbẹ́ wa."

Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ ń jáde ní géètì, Kúnbi ti ń bọ̀ láti ilé, ó gbé ìkòkò ńlá kan pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́ méjèèjì, eéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Omi ìwẹ̀ Alága ti ọjọ́ náà ni. Kò sẹ́ni tó fi àlùbọ́sà sí i. Àlàájà dà á sínú báfù lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé Alága jáde níbẹ̀, ó ki ìgúnpá bọ̀ ọ́, ó mi orí. Ó wẹ ọmọ náà, ó fà á lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ó ṣu orí rẹ̀. Ọmọ ké, ó sì dákẹ́, ó sì sùn. Ó wá kan Roqeebah. Nígbà tí tówẹ̀lì gbígbóná kan ikùn rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má tètè gbé e kúrò."

*

Wọ́n pe ìpàdé ní ọjọ́ Sátidé. Kò sẹ́ni tó ka oyè. Olúbọ̀wálé dúró, ó ń retí, apá ọ̀tún agbádá, apá òsì. Akọ̀wé ń wo èékánná rẹ̀. Wọ́n ní kí àga Alága sinmi fún ìgbà díẹ̀, pé gbogbo àwọn á máa darí ara àwọn ná, bóyá àga náà á gbádùn. Wọ́n dá kẹ́tù padà fún onílé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ránṣẹ́ sí Abdulmajeed.

Ó dé pẹ̀lú réésà, kẹrosíìnì àti àkàbà rẹ̀. Ilé Mísbáù ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi kẹrosíìnì rẹ ojú náà, ó sì ń ha á láti orí fìlà wá sísàlẹ̀. Etí kan bọ́, ó já sínú ọgbà. Àwọn èèyàn dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń wo bí gíláàsì ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ ẹ̀rín. Lọ́sàn-án, Àlàájà ṣí ẹ̀rọ omi. Ó fọwọ́ kàn án, ó sì yára fà á padà.

"Ẹ bá mi bu omi tútù mọ́ eléyìí," ni ó wí. "Èyí lè bó ọmọ."

Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń fa Abdulmajeed lápá. Ó lọ láti òrùlé dé òrùlé. Ibi tó bá ti kúrò, wọ́n á ti máa gbọ́ omi, orin, àti ìyá tó ń pariwo pé kí ọmọ má lò ó tán. Mítà gbogbo wọn ń sinmi. Àwọn tó ti ń bú ẹ̀rọ náà wá ń sọ bí àwọn ṣe dá ọgbọ́n rírà rẹ̀.

Ilé kan ló kù. Abdulmajeed gbé àkàbà ti ògiri ilé Olúbọ̀wálé. Olúbọ̀wálé jáde, ó sì di àkàbà mú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Kò ní pẹ́, sà. Imú nìkan ló máa ń le."

"Mo ní ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ti ha gbogbo ìyókù. Ilé mi nìyí. Òrùlé mi nìyí. Ojú mi nìyí. Ó kéré tán, ẹni tó ń kọjá á mọ̀ pé ẹnì kan ṣe nǹkan níbí rí."

Abdulmajeed wo ojú tó wà lókè, ó wo èyí tó wà nísàlẹ̀. Ti òkè ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé àkàbà rẹ̀, ó sì lọ.

Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn Olúbọ̀wálé. Kúnbi ló jáde, ó so tówẹ̀lì mọ́ àyà, kànrìnkàn àti ọṣẹ wà nínú ike tó gbé dání.

"Ibo lò ń lọ?"

"Ilé Roqeebah. Wọ́n ní kí n wá wẹ̀."

"Nínú ilé ayálégbé? Ìyàwó Alága?"

"Alága wo?"

"Kúnbi, ó ṣì ń gbóná bọ̀. Ọyẹ́ ló pọ̀. Tí oòrùn bá le díẹ̀ sí i..."

Kúnbi ti dé géètì. Kò dúró, ó kàn yí ọrùn díẹ̀.

"Ó dáa, Dádì Diamond. Bí ojú yín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í se omi, kí ẹ fóònù mi."